Igi Dúdú àti Ayùn Tó Ń La Ọrùn Gìtá

Bí onígìtá jùjú bá gun orí pèpéle, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ojú èrò máa ń wà, nítorí òun ló ń ta okùn. Ọwọ́ òsì ló ni wàhálà jù. Ìka mẹ́rin ń sáré sókè, wọ́n ń sáré sódò lórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrùn gìtá. Pátákó yìí kò gùn ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ, kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, kò sì nípọn tó sẹ̀ntímítà kan. Okùn irin ń ha á, òógùn ń rin ín, èékánná ń fá a. Igi tí kò bá le kò ní pẹ́ dá kòtò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe gìtá àti fayolíìnì fi di igi dúdú mú tipẹ́tipẹ́. Ó le, ó wúwo débi pé púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rì bí wọ́n bá jù ú sómi, ara rẹ̀ sì ń dán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi fáníìṣì kùn ún.

Ibi tí púpọ̀ nínú igi dúdú orí gìtá òde òní ti ń wá kò jìnnà sí wa. Kamẹrúùn ni, aládùúgbò wa lápá ìlà-oòrùn. Igi náà, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní Diospyros crassiflora, kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Ó wà nínú igbó gúúsù Nàìjíríà, ó wà ní Gabon, ó sì wà ní Congo. Bí ẹrù rẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí ọjà Yúróòpù láyé àtijọ́, igi dúdú Benin tàbí igi dúdú Calabar ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Àwọn agbẹ́gilére ìlú Benin mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí igi ńlá rẹ̀ lóòró nínú igbó tiwa lónìí yóò rìn kí ó tó rí i.

Ní Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùn, ilé ìlagi kan wà tó ń jẹ́ Crelicam. Igi dúdú ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ méjì pawọ́ pọ̀ rà á: Taylor Guitars ti ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àti Madinter, oníṣòwò igi ohun èlò orin láti ilẹ̀ Spéènì. Bob Taylor, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Taylor Guitars sílẹ̀ ní 1974, ti ń ra igi dúdú lọ́wọ́ àwọn alágbàtà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó di ẹni tó ni ilé ìlagi fúnra rẹ̀ ló tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí pátákó kan tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn agégi ló là á yé e. Wọ́n ní nínú igi dúdú mẹ́wàá tí àwọn bá gé lulẹ̀, ọ̀kan péré ni inú rẹ̀ lè dúdú kirikiri. Inú àwọn yòókù ní ìlà: òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn ní àwọ̀ iyanrìn, òmíràn dúdú ní apá kan tí apá kejì sì dà bí oyin. Kí ni wọ́n ń fi àwọn yẹn ṣe? Wọn kì í fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Ibi tí igi ṣubú sí ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí kí ó jẹrà, nítorí kò sẹ́ni tí yóò rà á. Taylor sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú fídíò kan ní ọdún 2012, ó sì já ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gìtá láyà, nítorí àwọn gan-an ni wọ́n ń bèèrè igi tí kò ní àbàwọ́n lọ́wọ́ alágbàtà.

Ẹnikẹ́ni kò lè dá agégi lẹ́bi. Èèpo igi náà dúdú, ó sì ṣú. Ara igi tó wà lábẹ́ èèpo funfun. Inú pátápátá ni dúdú tí ọjà ń wá fara pamọ́ sí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kan ilẹ̀kùn igi kí wọ́n bi í pé àwọ̀ wo ni inú rẹ̀. Bí ayùn kò bá kàn án, a ò ní mọ̀. Bí ayùn bá sì ti kàn án, igi tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lóòró ti kú nìyẹn, ìbáà dúdú, ìbáà pọ́n.

Iṣẹ́ inú igbó fúnra rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Igi dúdú kì í hù lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́nà jíjìn. Kò sí ọkọ̀ gẹdú tó lè wọ ibi tó wà, kò sì tó ohun tí ènìyàn ń la ọ̀nà katakátá nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ agégi gé e, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gé ìtì rẹ̀ sí kéékèèké, wọn a bẹ funfun ara rẹ̀ dànù kí ẹrù lè fúyẹ́ díẹ̀, ènìyàn a sì fi orí tàbí èjìká rù ú jáde dé ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbé ẹyọ ìtì igi dúdú rí mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù à ń fi ṣeré. Ta ni yóò ru igi ọlọ́pọ̀ àwọ̀ jáde nígbà tó mọ̀ pé wọn kò ní san kọ́bọ̀ lé e?

Bí ìtì bá dé Yaoundé, ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ ni sísán. Omi inú igi máa ń tètè gba orí àti ìdí ìtì jáde, ju bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Orí á gbẹ, á fún, inú á ṣì tutù, ibẹ̀ ni igi á ti là láti òpin wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìda kun orí àti ìdí rẹ̀, kí omi má baà rọ́nà sá jáde. Ìlà sísán kan tó gùn bí ìka lè sọ pátákó ọrùn gìtá di ohun tí kò wúlò ju èèkù ọ̀bẹ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ayùn. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni, tí wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, tó ń yí lórí àgbá méjì bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta. Ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń gba àárín ìtì kọjá, nítorí òun ni yóò tú àṣírí inú: bí ó ṣe dúdú tó, ibi tí ó ti sán, ibi tí kòkòrò ti gbà. Ọkàn igi gan-an, tó wà ní àárín gbùngbùn, kì í wúlò, torí ibẹ̀ ni sísán ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a yọ ọ́ sọ nù. Wọn a yí ìtì náà, wọn a tún yọ funfun tó bá kù lára rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni alágayùn á wá wò dáadáa. Bí ó bá rí ìdajì mítà tó mọ́ láìní àléébù, pátákó ọrùn gìtá ni. Bí sísán bá gé e kúrú, bírííjì ni, ìyẹn pátákó kékeré tí okùn gìtá so mọ́ lórí àpótí, tí kò ju bí ìbú ọwọ́ méjì lọ. Bí kò bá tó bírííjì, wọn a wá ohun kékeré mìíràn tó lè dà. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú kí ojú ti mọ ohun tí ìtì lè dà kí ayùn tó kàn án, nítorí ohun tí ayùn bá ti gé kò ṣe é lẹ̀ padà.

Igi yìí kì í sì í jẹ́ kí ayùn mú pẹ́. Líle rẹ̀ tí à ń yìn lórí gìtá, ìyà ni fún irin. Ayùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n á kú láìpẹ́; ayùn tó bá kú á máa yà kúrò lójú ìlà, á sì máa fi ojú pákó sílẹ̀ ní wúruwùru. Ìyẹ̀fun dúdú rẹ̀ a máa ta imú, a sì máa yún ènìyàn lára. Àwọn oníṣẹ́ tó bá mọ nǹkan a máa bo imú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ wo bí eyín ayùn ṣe ń jẹ owó. Ká ní igi kan nípọn ní mílímítà 70, a sì fẹ́ là á sí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan nípọn ní mílímítà 4. Bí ayùn bá ń jẹ mílímítà 3 nínú igi ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá, pákó 10 péré la ó rí. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ sí ayùn tó fẹ́lẹ́, tó ń jẹ mílímítà 1, pákó 14 ni. Igi kan náà ni, agégi kan náà ló gé e. Pákó mẹ́rin tó di ìyẹ̀fun nínú ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn, nínú igbó ni wọ́n yóò ti lọ wá àfidípò rẹ̀. Ó dá òǹkọ̀wé yìí lójú pé ayùn tó dára ń dá igbó sí ju ọ̀pọ̀ ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ìlagi fún gìtá tún yàtọ̀ sí ìlagi fún òrùlé. Ní ilé ìlagi tí a mọ̀, bíi èyí tó wà ní Oko-Bàbà ní Ẹ̀bùtè Mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí gẹdú ti ń gba orí ọ̀sà wọlé, wọn a gbé ìtì sórí ẹ̀rọ, ayùn a là á láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, pákó lórí pákó, títí yóò fi tán. Ó yá, kì í sì í fi igi ṣòfò. Fún àga àti òrùlé, ó pé. Àmọ́ pákó tó bá ti ẹ̀bá ìtì wá báyìí, bí ó bá gbẹ tán, á ká, àárín rẹ̀ á wọnú. Ìdí ni pé igi kì í fún bákan náà níhà gbogbo: bí ó ṣe ń fún yíká òrùka rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń fún láti ọkàn sí èèpo. Oníṣẹ́ gìtá kò lè gba pákó tó ká. Ìtì tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ là sí mẹ́rin, kí wọ́n tó máa yọ pákó nínú ìdá kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ojú pákó yóò fi kọ sí ọkàn igi, tí àwọn òrùka yóò sì dúró ṣánṣán nínú rẹ̀. Pákó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ̀, ìfiṣòfò rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ṣùgbọ́n á dúró gbọnin.

Ojú gìtá ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lọ. Ojú àpótí gìtá onírin kì í sábà nípọn ju mílímítà 3 lọ, agbára tí àwọn okùn fi ń fà á sì lé ní kìló 70, bí ẹni pé àgbàlagbà kan rọ̀ mọ́ ọn tọ̀sán tòru. Spruce ni igi tí wọ́n sábà ń lò, láti etíkun Alaska àti British Columbia tàbí láti àwọn òkè Yúróòpù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í kọ́kọ́ fi ayùn kan ìtì rẹ̀. Wọn a ki èèkàn irin bọ̀ ọ́ lórí, wọn a fi òòlù lù ú kí ó fúnra rẹ̀ là gẹ́gẹ́ bí fọ́nrán inú rẹ̀ ṣe lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ayùn á tẹ̀lé ojú ibi tó là. Bí ayùn bá gé fọ́nrán inú igi kọjá, pákó náà lè dára lójú, ṣùgbọ́n á ṣẹ́ bópẹ́bóyá. Wọn a tún la pákó kan sí méjì ní ìnípọn rẹ̀, wọn a ṣí i síra wọn bí ìwé, kí apá òsì àti apá ọ̀tún lè bára mu. Antonio de Torres, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe gìtá ní Spéènì, fi hàn ní 1862 pé ojú yìí ló ni ohùn: ó ṣe gìtá kan tí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ bébà tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀, igi gidi nìkan ló fi ṣe ojú rẹ̀. Gìtá náà dún.

Gbígbẹ kò ṣeé fi kánjú. Wọ́n ń to pákó lé ara wọn pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn onígìtá ilẹ̀ wa mọ àbájáde pákó tí kò gbẹ dénú, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, pátákó orí ọrùn á fún, àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú rẹ̀ á yọ orí síta ní ẹ̀gbẹ́, wọn a sì máa ha onígìtá lọ́wọ́. Igi ló kéré, irin kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìnípọn pákó ti di ẹjọ́ rí pẹ̀lú. Òfin Lacey ti Amẹ́ríkà ti wà láti 1900, ṣùgbọ́n 2008 ni wọ́n tún un ṣe kí ó lè ká igi tí wọ́n gé lòdì sí òfin ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Ní 2009 àti ní 2011, àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ ya wọ Gibson, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ti àkọ́kọ́ dá lé igi dúdú láti Madagascar. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dá lé igi láti Íńdíà, ìnípọn pákó sì wà lára ohun tó fa àríyànjiyàn: òfin Íńdíà gba kí pákó tó fẹ́lẹ́ tó kéré sí mílímítà 6 jáde, kò gba kí pákó tí wọ́n kàn là lásán jáde, àwọn pátákó ọrùn gìtá yìí sì nípọn ní nǹkan bíi mílímítà 10. Ní 2012, Gibson gbà láti san 300,000 dọ́là owó ìtanràn àti 50,000 dọ́là fún ìtọ́jú igbó, ó sì yọwọ́ nínú igi Madagascar tí owó rẹ̀ lé ní 260,000 dọ́là. Wọ́n dá igi Íńdíà padà fún un. Láti ìgbà náà, oníṣẹ́ gìtá tó bá gbọ́n a máa bèèrè ìwé igi kí ó tó bèèrè iye rẹ̀.

Kí wá ni Taylor ṣe sí àwọn igi mẹ́sàn-án tó ń jẹrà? Ó sọ fún àwọn agégi pé kí wọ́n máa kó gbogbo rẹ̀ wá. Ó fi pátákó onílà àti aláwọ̀ ilẹ̀ sórí gìtá olówó ńlá, kì í ṣe sórí èyí tó pọ́ọ́kú nìkan, ó sì ń tà á fún àwọn oníṣẹ́ gìtá mìíràn bákan náà. Líle rẹ̀ kò yàtọ̀, ìwúwo rẹ̀ kò yàtọ̀. Ní 2014, John Kerry, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, fún ilé-iṣẹ́ náà ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ Kamẹrúùn yìí. Àwọn kan ń sọ pé ọgbọ́n ọjà ni, pé ẹni tó ní igi onílà lọ́wọ́ ni yóò yin igi onílà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èrè tó ń wá láti inú igi tí wọn ì bá fi sílẹ̀ jẹrà sàn ju èrè tó ń mú kí wọ́n gé igi mẹ́sàn-án dànù lọ. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú àríyànjiyàn yìí. Ní 1995, ó ṣe gìtá kan láti inú pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní ilé-ìpamọ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń sọ sáàtàn, ó gbé e lọ sí ọjà ìpàtẹ ohun èlò orin, àwọn tó gbọ́ ọ sì gbà pé ó dún dáadáa.

Gígé láìgbìn kò lè pẹ́ tán. Ní 2016, Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé iṣẹ́ gbígbin igi dúdú pẹ̀lú Congo Basin Institute ní Yaoundé. Ó yẹ kí ará Ìbàdàn mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kan ìlú wọn: Yunifásítì California ní Los Angeles àti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn láti 1967, ni wọ́n jọ dá Congo Basin Institute sílẹ̀. Àfojúsùn àkọ́kọ́ ni igi dúdú 15,000. Àwọn ará abúlé ló ń gbìn ín, pẹ̀lú igi eléso tí yóò máa fún wọn ní oúnjẹ àti owó, nítorí kò sí àgbẹ̀ tó lè fi ebi dúró de igi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò gé e. Ìwádìí àwọn onímọ̀ Congo Basin Institute, tó jáde ní 2025, tún fi hàn pé erin inú igbó wà lára àwọn tó ń gbin igi dúdú: á jẹ èso rẹ̀, á rìn jìnnà, á sì yàgbẹ́ rẹ̀ síbòmíràn, ìgbẹ́ náà á sì dáàbò bo kóró lọ́wọ́ àwọn eku. Ibi tí àwọn ọdẹ ti pa erin tán, ọmọ igi dúdú kò pọ̀ mọ́.

Nàìjíríà náà ní ìpín nínú gìtá ayé ju bí a ṣe rò lọ. Orúkọ ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta ni gbogbo àgbáyé ń pe igi kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó jọ ọ̀gànwó, tí Taylor àti àwọn mìíràn fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá. Láti Sapele ni ẹrù rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ilé-iṣẹ́ gẹdú ibẹ̀ gbóná. Orúkọ ló kù fún wa. Ilé ìlagi tó ń là á lọ́nà tí oníṣẹ́ gìtá yóò fi gbà á kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yaoundé fi hàn pé kò kọjá agbára: ayùn tó fẹ́lẹ́, ìda lórí ìtì, sùúrù fún gbígbẹ, àti ẹni tí ojú rẹ̀ mọ ohun tí ìtì lè dà kí ó tó gé e.

Ní ti ẹ̀yin tó ń ra gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí fún ọmọ tó ń kọ́ orin: bí ẹ bá rí ìlà àwọ̀ ilẹ̀ lórí pátákó ọrùn rẹ̀, ẹ má ṣe torí ìyẹn yọwó rẹ̀ tàbí kí ẹ dá a padà. Bí ó bá sì dúdú kirikiri tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nù ún ní ìkángun kí ẹ tó sanwó. Bí aṣọ bá di dúdú, aró ni wọ́n kùn ún.